Èmi Ni Mo Ka Omi Fún Wọn

"Ta ló ka omi fún wọn?"

Obìnrin kan tó jẹ́ ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹranko ló bèèrè bẹ́ẹ̀, ní etí ọ̀sà tó wà lẹ́yìn Lakpazee ní Monrovia, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kẹfà. Gẹ̀ẹ́sì ló fi bèèrè, èmi ni mo ń tú u sí Yorùbá fún yín. Ẹ̀jẹ̀ ṣì wà lórí ẹrẹ̀. Àwa bí ogún la dúró níbẹ̀: àwọn obìnrin tó ń ṣe gààrí, àwọn apẹja, Patience tó jẹ́ ọ̀gá mi níbi iṣẹ́, àti èmi pẹ̀lú bírò lọ́wọ́. Ó ní ẹran tí wọ́n pa yìí kì í wá lójoojúmọ́. Ó ní àwọn tó pa á kì í ṣe ará etí omi yìí, síbẹ̀ wọ́n dé ní àárọ̀ tó yẹ gan-an, ní wákàtí tó yẹ gan-an, nítorí náà ẹnì kan ló sọ fún wọn. Ó wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Atẹ́gùn ń mi ewé igi ẹ̀gbà tó hù létí omi, mo sì tẹrí ba bí ẹni tó ń kọ ohun pàtàkì sílẹ̀. Ọjọ́ àti wákàtí nìkan ni mo kọ.

Èmi ni. Èmi ni mo ka omi fún wọn. Oṣù méjì ni mo ti fi gbé gbólóhùn yìí mì, ó sì há mi lọ́fun bí egungun ẹja. Lónìí ó gbọ́dọ̀ jáde. Orúkọ mi ni Ọláfimíhàn Adébíyì, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Monrovia ni wọ́n bí mi sí. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi, ọmọ Liberia ni ìyá mi. Mo ka ìwé nípa ẹ̀dá alààyè ní yunifásítì. Ẹ̀yin ará ìjọ wa ní Sinkor mọ̀ mí lójú: èmi ni ọ̀dọ́mọkùnrin tó máa ń jókòó sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáànù, tó máa ń kọ nǹkan sẹ́yìn ìwé ètò ìsìn. Ẹ rò pé ìwàásù ni mò ń kọ. Àdììtú onínọ́ńbà tí wọ́n ń tẹ̀ sínú ìwé ìròyìn ni mò ń yanjú. Yorùbá ni mo sì fẹ́ fi sọ ohun tí mo ṣe, nítorí Yorùbá ni mo fi ṣe é.

Bàbá mi kú ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Ìyá mi wà ní Amẹ́ríkà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, a máa ń sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Àìkú bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá gbà. Yàrá kan ṣoṣo ni mò ń gbé ní Lakpazee. Níbí, ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n ń pè mí. Nígbà tí a gbé òkú bàbá mi lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn ẹbí ń pè mí ní ará Làìbéríà, wọ́n ń fi ohùn mi ṣe yẹ̀yẹ́. Láti ìgbà tí bàbá mi ti lọ, n kò rí ẹni bá sọ Yorùbá ju "ẹ kú ọjọ́ ìsìn" lọ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀rọ̀ á kún inú mi, n ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, n ó máa dá a sọ. N kò sọ èyí kí ẹ lè ṣàánú mi. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ ilẹ̀kùn tí ẹ̀ṣẹ̀ gbà wọlé.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń ṣe ìwádìí nípa omi gbà mí síṣẹ́. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá màlúù omi ṣì wà nínú ọ̀sà wa. Ẹ̀yin tí ẹ kò rí i rí, ẹran ńlá ni, ó gùn ju ènìyàn lọ dáadáa, ara rẹ̀ dúdú bí táyà, ó ní irun lẹ́nu bí àgbàlagbà ọkùnrin, ìrù rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí àjẹ̀. Ewé àti koríko ló ń jẹ. Ó ń fún ọmọ lọ́mú. Kò ní ohun ìjà kankan. Patience ṣàlàyé òfin fún wa lọ́jọ́ àkọ́kọ́: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa á, kò gbọdọ̀ mú un, kò gbọdọ̀ tà á, kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. "Ṣùgbọ́n," ó ní, "òfin tó ń ṣọ́ ẹran náà kò ṣọ́ ibi tó ti ń jẹun." Àwọn kan fẹ́ da yanrìn sínú ọ̀sà náà kí wọ́n kọ́lé sórí rẹ̀. Bí a bá rí ẹ̀rí pé ẹran náà ń wá síbẹ̀ déédéé, a lè bẹ ìjọba kí wọ́n fi omi náà sábẹ́ òfin pẹ̀lú. Bí a kò bá rí i, yanrìn ni.

Pa Amos ni wọ́n fà mí lé lọ́wọ́. Ọmọ ẹ̀yà Bassa ni wọ́n, wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún, etí omi yẹn ni wọ́n ti ń pẹja láti ìgbà èwe. Gẹ̀ẹ́sì Liberia ni a ń bá ara wa sọ. "Book Man" ni wọ́n ń pè mí, bí àwọn ènìyàn ibí ṣe ń pe ẹni tó kàwé. Bí wọ́n bá fẹ́ fi mí ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n á ní, "Book Man, jọ̀ọ́, ka ẹja yìí fún mi, kí ni wọ́n kọ sí i lára?" Wọn kì í dárúkọ ẹran náà. Ol' Ma ni wọ́n ń pè é, bí ẹ ó ti pe ìyá àgbà lójú pópó Monrovia. Wọn kì í nàka sí i. Àgbọ̀n ni wọ́n ń gbé síhà ibi tó bá wà.

Ọkọ̀ Pa Amos ń jò. Ẹni tó bá bá wọn wọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ máa fi ìdajì kẹ́ẹ̀gì gbọ́n omi jáde ní gbogbo ọ̀nà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́n ọn tí apá ń ro mí, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ó tán, o ti di ará ọkọ̀." Wọ́n wá sọ fún mi pé àwọn apẹja etí omi yẹn ní òfin tiwọn: ẹni tó bá bá ọ gbọ́n omi, bó bá ṣẹ̀ ọ́, inú ọkọ̀ ni ẹ ó ti yanjú rẹ̀. O kò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀ lórí ilẹ̀ fún ẹni tó ń wá a. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìwé mi gẹ́gẹ́ bí àṣà tó dùn mọ́ni. N kò mọ̀ pé èmi ni yóò bò lásìírí.

Pa Amos mọ ìgbà tí Ol' Ma máa ń jáde, ṣùgbọ́n ara ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n, wọn kò lè sọ ọ́ fún mi. Wọ́n á jí lọ́jọ́ kan, wọ́n á fẹnu tọ́ afẹ́fẹ́ wò, wọ́n á ní, "Lónìí, bóyá." Bóyá yẹn kò jẹ́ kí n sùn. Èmi kò lè fi àdììtú sílẹ̀ láìyanjú, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi kọ wákàtí tí omi ń wọlé àti ìgbà tó ń fà sílẹ̀. Patience ní kí n ṣe é díẹ̀díẹ̀, kí n ṣáà máa kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù. N kò fetí sí i. Lọ́jọ́ kan mo rí ohun tó wà níwájú gbogbo wa. Ìyàwó Pa Amos, Ma Elizabeth, àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wọn máa ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́jọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, wọ́n á sì kó èèpo rẹ̀ sí etí omi nírọ̀lẹ́. Òkìtì èèpo yẹn ga, omi lásán kì í dé ibẹ̀. Àfi bí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, tàbí tó bá kún, tí omi òkun bá wọlé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí irú omi bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sí àárọ̀ tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí wọ́n bó ẹ̀gẹ́, yóò gbá èèpo náà, Ol' Ma yóò sì wá jẹun. Oṣù lójú ọ̀run àti ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ àwọn obìnrin, àwọn méjèèjì ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Mo ṣírò rẹ̀ títí dé òpin ọdún. Mo dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, mo pàtẹ́wọ́ fún ara mi.

Mo wò yíká yàrá mi. Kò sẹ́ni tí mo lè sọ ọ́ fún.

Ó yẹ kí n sọ ọ́ fún Patience, òun ni ó ni iṣẹ́. Ó yẹ kí n sọ ọ́ fún Pa Amos, àwọn ni wọ́n ni omi. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù ẹja dídì kan wà nítòsí mi ní Lakpazee, Kẹ́hìnsí ló ni ín. Ará Ọ̀yọ́ ni, ó jù mí lọ ní bí ọdún márùndínlógún, kò pẹ́ púpọ̀ tó dé Monrovia. Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é. Lọ́jọ́ tí mo lọ ra ẹja tó gbọ́ ohùn mi, ó ní, "Ah, ọmọ wa ni!" ó sì fà bẹ́ǹṣì fún mi. Ẹ kò lè mọ ohun tí bẹ́ǹṣì yẹn jẹ́ fún mi. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ń yà sí. Ó máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀, ó máa ń bi mí ní ìbéèrè, ó sì máa ń dúró gbọ́ ìdáhùn. Bàbá mi nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi tẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ó bi mí pé, "Ọmọ̀wé, kí lo ń wò nínú omi tó bẹ́ẹ̀? Ṣé ìyàwó lo rí síbẹ̀ ni?" Mo rẹ́rìn-ín, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ. Mo sọ nípa ẹran náà, nípa oṣù, nípa èèpo ẹ̀gẹ́. Ó bi mí bóyá ẹran rẹ̀ ń dùn. Mo ní n kò mọ̀, òfin kò gbà á. "Òfin," ó ní, bí ẹni tó ń tọ́ iyọ̀ wò. Ó wá mi orí.

"Irọ́ ni, àbúrò. Kò sẹ́ni tó lè mọ ọjọ́ tí ẹran yóò jáde. Àbí ó ń pè ọ́ lórí fóònù?"

"Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ ọjọ́, mo mọ wákàtí."

"Ìwé lo mọ̀, o ò mọ omi. Bó bá dá ọ lójú, kọ ọ́ sílẹ̀ ká wò ó."

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró, kí ẹ wò mí dáadáa. Ẹ má sọ pé ó tàn mí. Mo gbọ́ bó ṣe sọ "òfin." Mo rí i tí ojú rẹ̀ kúrò lára mi lọ sára àwọn fíríísà rẹ̀ tó sì padà. Nǹkan kan nínú mi sọ fún mi pé, "Fimíhàn, dìde." Ṣùgbọ́n bí mo bá dìde, yàrá mi ni mò ń lọ. Mo bèèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fa ìlà. Mo kọ ọjọ́ àti wákàtí omi láti oṣù kẹfà títí dé oṣù kejìlá, mo sì fi bírò pupa yí àwọn àárọ̀ tí Ol' Ma yóò jáde po. Kò sí orúkọ ẹran kankan lórí rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé kàlẹ́ńdà ni. Ó wò ó fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, "Orí pípé ni ìwọ ọmọ yìí ní o." Ó di ẹja méjì sínú ọ̀rá fún mi, ó ní kí n lọ se ọbẹ̀, mo ti gbẹ jù. Mo jẹ ẹja náà. Mo jẹ ẹ́ tayọ̀tayọ̀.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo yí po lórí ìwé náà ni ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn. Mo kọ aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárọ̀. Mo fi aago mẹ́fà ààbọ̀ dé etí omi nínú òjò wẹliwẹli, mo sì fara pamọ́ sáàárín igi ẹ̀gbà lẹ́yìn ibi ìlọ ẹ̀gẹ́. Ẹ bi mí pé kí ni mo wá ṣe. Mo ti sọ fún ara mi ní ọ̀nà pé mo wá wo bóyá ìṣirò mi pé. Ọkùnrin mẹ́ta tí n kò mọ̀ rí wà nínú ọkọ̀ kan, wọn kò sọ̀rọ̀. Wọ́n ti ká àwọ̀n Pa Amos kúrò lórí igi tí wọ́n sá a sí, wọ́n ti ta á sí ẹnu ọ̀nà omi. Pa Amos kò sí nílé. Wọ́n ti bá Ma Elizabeth gbé gààrí lọ sí Congo Town láti ìdájí. Omi ń gun òkè díẹ̀díẹ̀. Ó dé ìdí òkìtì èèpo. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e lọ.

Ihò imú méjì yọ lójú omi. Mo gbọ́ èémí rẹ̀, ó rí bí ti àgbàlagbà tó gbé ẹrù sílẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. N kò kígbe. N kò ju òkúta. Mo wo aago ọwọ́ mi. Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún ni. Ìṣẹ́jú méje péré ni mo fi ṣì í, inú mi sì dùn. Ọlọ́run gbọ́, inú mi dùn. Ayọ̀ yẹn ṣì wà lójú mi nígbà tí ọ̀kọ̀ àkọ́kọ́ wọ ẹran náà lára. Igbe kan ì bá ti lé e padà sínú ibú, nítorí ẹran tó máa ń sá fún ìró àjẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá kígbe, wọn á mọ̀ pé mo wà níbẹ̀, wọn á sì bi mí bí mo ṣe mọ̀ pé kí n wá. Mo dákẹ́. Ẹran náà kò ké. Èémí náà ni mo ń gbọ́, ó yára, ó yára sí i, ó wá dá. Mo gba ẹ̀yìn ilé jáde, mo lọ mu tíì, mo jẹ búrẹ́dì, mo sì dé ibi iṣẹ́ ní aago mẹ́sàn-án bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

Ìgbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹranko fi dé, àwọn ọkùnrin náà ti gbé ẹran lọ. Orí, awọ àti àwọ̀n tó ti ya ni wọ́n fi sílẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ bi Pa Amos léèrè bí wọ́n ti ń ti Congo Town bọ̀. Pa Amos kò purọ́: wọ́n ní àwọ̀n àwọn ni, wọ́n sì ní Ol' Ma kì í wá àfi ní irú àárọ̀ báyìí. Òtítọ́ yẹn ló dè wọ́n. Ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ ní Pa Amos nìkan ló mọ̀ ọ́n nígbà náà. Ó ní wọ́n ta wákàtí fún àwọn apẹran, wọ́n yá wọn ní àwọ̀n, wọ́n wá lọ sí Congo Town kí wọ́n lè rí ibi sọ pé àwọn wà. Ìgbà náà ló bèèrè ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Pa Amos gbójú sókè, wọ́n wò mí. Wọ́n mọ̀. Àwọn nìkan ló ti rí mi tí mò ń fi igi wọn omi, tí mò ń ka èèpo. Wọ́n wò mí títí, bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ kejì kó kọ́kọ́ yà. Lẹ́yìn náà wọ́n gbójú kúrò, wọ́n sì na ọwọ́ méjèèjì fún ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀.

Mo padà sílé, mo sì kọ ìjábọ̀ mi. Mo kọ pé a kò rí màlúù omi mọ́ nínú ọ̀sà náà. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá fi ìṣirò mi hàn, ìka á nà sí mi. N kò yà sọ́dọ̀ Kẹ́hìnsí mọ́ láti jókòó. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe pàdánù ẹni kan ṣoṣo tó ń gbọ́ mi, mo sì tún dá wà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí ẹni tó ní àṣírí kò lè bá ara rẹ̀ pàápàá sọ̀rọ̀ ní yàrá. Àdììtú inú ìwé ìròyìn kò wọ̀ mí lójú mọ́. Lọ́jọ́ Àìkú, pásítọ̀ á ní kí ẹni tó ní ẹ̀rí jáde, èmi á rọra di bẹ́ǹṣì mú.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Ma Elizabeth wá sílé mi. Wọ́n ti rù. Wọ́n gbé ike gààrí kan lọ́wọ́, wọ́n ní ẹ̀bùn ni. Wọ́n ní ilé ẹjọ́ ti dá ọjọ́ fún ọkọ àwọn, Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, èmi tí mo kàwé ni àwọn fẹ́ kí n bá àwọn kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ sí adájọ́. Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo kọ ọ́. Èyí ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì dídán kọ ọ́ pé aláìṣẹ̀ ni Amos, mo sì kọ ọ́ sí ìlà kẹta pé kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó sọ wákàtí fún àwọn apẹran. Ma Elizabeth tẹ àtàǹpàkò sí i, wọ́n dúpẹ́, wọ́n dúpẹ́. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n rántí pé ọkọ àwọn rán àwọn níṣẹ́ sí mi.

"Pa ní kí n sọ fún ọ pé kí o má ṣe fi omi sílẹ̀," wọ́n ní. "Kékeré kan wà tó máa ń tẹ̀lé Ol' Ma. Ó ní ìwọ nìkan lo lè mọ ọjọ́ tí yóò jáde. Ó ní kí o wá a, kí o sọ fún àwọn tó ń ṣe òfin, kí wọ́n má da yanrìn sí i."

Ọkùnrin tí mo fi sẹ́wọ̀n ló ń fi iṣẹ́ rán mi láti ọgbà ẹ̀wọ̀n, tó ṣì gbà pé orí tí mo fi ṣe ibi yìí lè ṣe rere. Mo wólẹ̀ níwájú Ma Elizabeth, mo sì jẹ́wọ́. Wọn kò lù mí. Wọ́n gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ mi, wọ́n fà á ya, wọ́n gbé ike gààrí wọn, wọ́n sì lọ. N kò ní gbàgbé ike gààrí yẹn láéláé.

Ní ọjọ́ kejì mo lọ bá Patience, mo kó gbogbo ìṣirò mi fún un. Ó lé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó lọ sí etí omi ní àárọ̀ tí mo sọ, ó rí kékeré náà, ó sì ti tún ìjábọ̀ kọ. Mo tún lọ bá ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ ẹranko. Ó gbọ́ mi tán, kò yà á lẹ́nu. Ó ní ènìyàn mẹ́rin ló ti wá sọ pé àwọn ni, torí kí Pa Amos lè jáde. Ọ̀kan nínú wọn kò mọ orúkọ oṣù tí a wà. Ó ní ìṣirò tí mo fún Patience kò sọ ohun kan: mo lè ti kọ ọ́ lánàá. "Ìwé tí o fún ọkùnrin náà," ó ní, "òun ni mo fẹ́. Bí o bá rí i kí ó tó di Ọjọ́bọ̀, Amos á lọ sílé."

Mo lọ bá Kẹ́hìnsí lọ́jọ́ Ẹtì. Ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó bá mi sọ̀rọ̀ láti ojú fèrèsé ilé rẹ̀. Ó ní ìwé wo? Ó ní kí n lọ sùn, ebi ń pa mí. Mo wá inú gbogbo pàǹtírí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. N kò rí i.

Nítorí náà mo jókòó lónìí, ọjọ́ Àìkú, mo kọ ìwé yìí, kí wọ́n lè kà á ní ìjọ bí wọ́n bá fẹ́. Pa Amos, ẹ dárí jì mí. Ma Elizabeth, n kò bèèrè ìdáríjì lọ́wọ́ yín, mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé n ó dúró nílé ẹjọ́ lọ́jọ́ náà, bóyá wọ́n gbà mí gbọ́, bóyá wọn kò gbà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ bíi tèmi tí orí yín pé, tí ẹ jókòó ní yàrá níbi tí kò sẹ́ni tó ń gbọ́ èdè yín: ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó kọ́kọ́ gbọ́ yín. Bí ẹ bá mọ ohun tí ẹlòmíràn kò mọ̀, ẹ wo ọwọ́ tí ẹ ń fi í lé. Òfin kò lè dúró sí etí omi ní aago méje àárọ̀ nínú òjò. Èmi ni mo dúró níbẹ̀.

Ibí ni mo fẹ́ parí rẹ̀ sí lánàá. Ọjọ́ Ajé ni òní, mo sì ní láti fi èyí kún un.

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù Kẹ́hìnsí láàárọ̀ yìí nígbà tí èrò kún ibẹ̀, kí ó má bàa lè tì í mọ́ mi. Obìnrin méje tàbí mẹ́jọ ló ń dúró de ẹja. Ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó fi Yorùbá sọ pé, "Ọmọ̀wé, o tún ti lá àlá?" Mo tò sẹ́yìn àwọn obìnrin náà. Ọkùnrin kan tó ń fi ọkọ̀ ojú omi kó ẹja wá fún un wọlé, aṣọ rẹ̀ tutù. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó kọjá lọ sí ìdí òṣùwọ̀n, ó gbójú sókè sára ògiri, ó fi ìka tọ ìlà kan láti òkè wá sílẹ̀, ó sì sọ fún Kẹ́hìnsí pé omi á pọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, òun á tètè dé. Ó jáde. Mo wo ibi tí ìka rẹ̀ ti kúrò.

Ó wà láàárín kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì wa àti pátákó iye ẹja. Wọ́n fi ṣẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọwọ́ àwọn apẹja ti mú un dọ̀tí. Ìlà mi ni, nọ́ńbà mi ni, bírò pupa mi ni. Lẹ́ẹ̀mejì ni mo ti ra ẹja lábẹ́ rẹ̀ láti oṣù kẹfà, tí mo tẹjú mọ́lẹ̀ nítorí ìtìjú. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, mo ti kọ orúkọ mi ní kíkún, àti ọjọ́ tí mo kọ ọ́, bí akẹ́kọ̀ọ́ tí inú rẹ̀ dùn sí ìdánwò rẹ̀.

Kẹ́hìnsí tẹ̀ lé ojú mi. Ẹ̀rín kúrò ní ẹnu rẹ̀. Níwájú gbogbo àwọn obìnrin náà, mo na ọwọ́ sókè, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i kúrò, igun kan lẹ́yìn òmíràn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí orúkọ mi má bàa ya.